Ipò sísítà tí wọn ò fẹ́ fún Kòfowórọlá Pratt ní 1954, àti owó tó wà nídìí ẹ̀

Púpọ̀ nínú wa ló mọ ìparí ìtàn yìí ká tó mọ ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Wọ́n á ní Màmá Kòfowórọlá Àbẹ̀ní Pratt ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ṣe mátrọ́ọ̀nù, ìyẹn olórí àwọn nọ́ọ̀sì, ní UCH, ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn Ìbàdàn, wọ́n á ní wọ́n wà lára àwọn èèyàn dúdú tó kọ́kọ́ ṣe nọ́ọ̀sì lábẹ́ NHS, ètò ìlera ìjọba nílùú ọba, òótọ́ sì ni gbogbo ẹ̀, tó bá ti di ọjọ́ àwọn nọ́ọ̀sì nínú oṣù May báyìí ẹ máa rí fọ́tò wọn káàkiri. Ibi táwọn èèyàn máa ń fò dá ni 1954, ọdún tí wọ́n dé láti Lọ́ńdọ́nù. Ọdún yẹn gan-an ni mo fẹ́ dúró lé lórí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ò gùn rárá. Obìnrin Èkó kan tó gba ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì ní St Thomas', ọsibítù tí Florence Nightingale dá ilé ìwé nọ́ọ̀sì tiẹ̀ sí ní 1860, tó tún kọ́ ẹ̀kọ́ míì kún un lẹ́yìn ìyẹn, tó ti tọ́jú aláìsàn òyìnbó nílé òyìnbó fún ọdún mélòó kan, padà wálé, ó fẹ́ ṣe sísítà wọ́ọ̀dù, ìyẹn nọ́ọ̀sì tó jẹ́ ọ̀gá wọ́ọ̀dù, ní ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn n'Íbàdàn, wọ́n ní kò ṣeé ṣe, torí pé àwọn òyìnbó tí wọ́n ń kó wá láti Britain ni ipò yẹn wà fún. Ìwé wọn pé, wọ́n mọṣẹ́, wọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara, wọ́n tún gbọ́ èdè aláìsàn tí àwọn sísítà yẹn ò gbọ́. Àwọn aláṣẹ ọsibítù ṣáà ní rárá.

Èmi ò gbà pé ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara nìkan nìyẹn o. Àwọ̀ wà níbẹ̀, kò sí àríyànjiyàn. Àmọ́ tí ẹ bá wo ohun tí ipò sísítà jẹ́ nínú ìwé owó oṣù ìjọba nígbà yẹn, ẹ máa rí i pé owó àti ipò làwọn èèyàn yẹn ń ṣọ́, àwọ̀ ni wọ́n fi ṣe ọgbà yí i ká.

Ẹ jẹ́ ká wọ wọ́ọ̀dù lọ wò ó ná. Sísítà ló ni wọ́ọ̀dù. Kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń ti mọ́fíìnì mọ́, ọwọ́ ẹ̀ ló ń wà, òun ló ń tẹ̀ lé dókítà láàárọ̀ tí wọ́n bá ń yẹ aláìsàn wò láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì, òun ló ń ya rósítà, òun ló máa sọ pé ìwọ lo máa ṣe òru, ìwọ lo máa lọ ọ́ọ̀fù, tí nǹkan bá sì bàjẹ́ òun ni mátrọ́ọ̀nù máa ránṣẹ́ pè. Staff nurse wà lábẹ́ ẹ̀, àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ wà lábẹ́ staff nurse. Tó bá jẹ́ ibi tọ́rọ̀ mọ nìyẹn, kò sí wàhálà, iṣẹ́ wo ni kò ní ọ̀gá? Ṣùgbọ́n ní ọsibítù ìjọba láyé òyìnbó, ibì kan wà tí ọmọ Nàìjíríà máa gùn dé tí ò ní kọjá ẹ̀ mọ́, ibẹ̀ ni staff nurse. Ọ̀pọ̀ lára wọn ọkùnrin ni pàápàá láyé ìgbà yẹn, bàbá oníbàbá tó ti di egbò, tó ti gún abẹ́rẹ́, tó ti wẹ òkú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọmọdébìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi á wọlé wá bá a níbẹ̀, òun ló máa fi ibi tí nǹkan wà hàn án, òun ló máa ṣe ògbufọ̀ torí pé ọmọbìnrin yẹn ò mọ ohun tí ìyá arúgbó orí bẹ́ẹ̀dì ń sọ nígbà tó ní inú ń run òun, síbẹ̀ láti ọjọ́ tó ti dé ló ti di ọ̀gá ẹ̀.

Ibo lèyí ti bẹ̀rẹ̀? Ẹ padà sí 1896. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Mabel Piggott, tí ọkọ ẹ̀ ń bá ìjọba òyìnbó ṣiṣẹ́ òfin ní erékùṣù Mauritius, rí i pé àwọn èèyàn òun tó ń ṣàìsàn lókè òkun ò rí nọ́ọ̀sì òyìnbó tó máa tọ́jú wọn, ló bá dá ẹgbẹ́ Colonial Nursing Association sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ́nù. Ẹgbẹ́ yẹn ló ń wá nọ́ọ̀sì fún àwọn ọsibítù ilẹ̀ tí Britain ń ṣàkóso títí di 1966, àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n kó jáde lé ní 8,000. Mi ò ní wọn ò ṣiṣẹ́ o, ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣiṣẹ́ gan-an, àwọn kan tiẹ̀ kú síbi iṣẹ́. Kókó ibẹ̀ ni ìdí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀, àìlera òyìnbó ni, àwa kọ́. Ọsibítù náà sì pín sí méjì bẹ́ẹ̀. N'Íbàdàn, Adéọ̀yọ́ ni ti aráàlú, Jẹ́ríkò ni ti òyìnbó. L'Ékòó náà bẹ́ẹ̀ ló rí, ọsibítù aráàlú lọ́tọ̀, ti òyìnbó lọ́tọ̀. Ká sì má gbàgbé pé inú àpò ìjọba kan náà lowó méjèèjì ti ń wá, àpò tí owó orí àti owó kọ́sítọ́ọ̀mù wa ń wọ̀.

Àwọn dókítà ti jẹ irú ìyà yẹn ṣáájú nọ́ọ̀sì. Ní 1902 ni Britain kó gbogbo dókítà ìjọba ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà sábẹ́ ẹgbẹ́ kan tí wọ́n pè ní West African Medical Staff, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìlànà ẹ̀ pé ẹni tí òbí ẹ̀ bá jẹ́ òyìnbó nìkan ló lè wọ̀ ọ́. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ dúdú lórí funfun, wọn ò tiẹ̀ fi bò. Dókítà Oguntola Sapara ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba l'Ékòó láti 1896, Britain ló ti kàwé bíi tiwọn, kò sí bó ṣe lè wọ ẹgbẹ́ yẹn. Nígbà tó tún di 1930 tí wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀ ní Yábàá, irú dókítà tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ dókítà ni wọ́n fẹ́ kó jẹ́, iṣẹ́ dókítà, orúkọ tó kéré, owó tó kéré. Ẹ rí ọgbọ́n yẹn? Tí wọn ò bá fẹ́ san owó kan fún ẹ, wọ́n á kọ́kọ́ wá orúkọ míì fún iṣẹ́ ẹ.

Ó wá di àkókò ogun Hitler. Ọjà gbówó lórí, owó oṣù ò kúrò lójú kan. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń bèèrè owó tí wọ́n ń pè ní COLA, ìyẹn àfikún owó torí ọ̀wọ́n gógó ọjà, ìjọba fún wọn díẹ̀ ní 1942, ọjà tún sáré kọjá ẹ̀. Ní June 1945, àwọn òṣìṣẹ́ tó lé ní 30,000 daṣẹ́ sílẹ̀, rélùwéè, pósítọ́fíìsì, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀nà, Michael Imoudu sì lorúkọ ẹ̀ hàn jù nínú wọn. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni kí wọ́n fi ìdajì lé owó COLA, kí ẹni tó ń ṣe lébìrà máa gba ó kéré tán sílè méjì àtààbọ̀ lójúmọ́. Bí ọjọ́ 44 ni Èkó fi dákẹ́. Nọ́ọ̀sì kì í tètè daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ta ló máa fi aláìsàn sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ìjọba náà sì mọ̀ pé wọn ò lè ṣe é, mo rò pé ìyẹn wà lára ìdí tí owó wọn fi máa ń wà lẹ́yìn títí dòní, àmọ́ ọjà kan náà ni wọ́n ń ná pẹ̀lú ẹni tó ń wa rélùwéè.

Láti inú gbogbo wàhálà yẹn ni wọ́n ti gbé ìgbìmọ̀ kan dìde tí Walter Harragin, adájọ́ àgbà Gold Coast, ṣe alága ẹ̀, láti tún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà tò. 1945 sí 1946 ni wọ́n ṣe é. Àbájáde ẹ̀ ló ṣe pàtàkì fún ẹjọ́ wa yìí ju ohunkóhun lọ, torí òun ni wọ́n ṣì ń lò nígbà tí Màmá Pratt dé. Wọ́n pín iṣẹ́ ìjọba sí méjì, senior service àti junior service. Kò sí "òyìnbó" kò sí "dúdú" nínú orúkọ ẹ̀ mọ́. Ó mọ́ tónítóní. Àmọ́ ẹ wo àwọn tó wà lókè, ẹ wo àwọn tó wà nísàlẹ̀, àwọn èèyàn àná náà ni. Sísítà wà ní senior service, staff nurse wà ní junior. Ẹni tó bá wà lókè ló ń gbé GRA, ló ń gba owó mọ́tò, ló ń gba ìsinmi gígùn. Wọ́n tún wá ṣe ohun kan sí i, wọ́n ní ẹni tó bá ti òkè òkun wá máa gba owó kan lé owó oṣù ẹ̀, expatriation pay, torí pé ó jìnnà sílé.

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀ wò. Sísítà tó wá láti Britain á gba owó oṣù, á gba àfikún onílé-jíjìn yẹn, ìjọba á san owó ọkọ̀ ojú omi ẹ̀ wá, á fún un nílé pẹ̀lú fáníṣọ̀, lẹ́yìn bí oṣù 18 á lọ lìífù sílé, ìjọba náà ló máa san àlọ àti àbọ̀, owó oṣù ò ní dúró ní gbogbo ìgbà tó fi wà níwájú iná nílé bàbá ẹ̀. Nígbà tó bá lọ, wọ́ọ̀dù ò lè ti ilẹ̀kùn, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà lórí àga yẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọge, tí wọ́n bá rí ọkọ fẹ́ pẹ́nrẹ́n iṣẹ́ ti tán nìyẹn, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹlòmíì láti Lọ́ńdọ́nù. Torí náà, ipò sísítà kan ò gba èèyàn kan, ó gba ju ẹyọ kan lọ, ó sì gba owó tó lè gba staff nurse tó pọ̀ díẹ̀ sí wọ́ọ̀dù táwọn aláìsàn ti ń sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ẹ wá fi Màmá Pratt sórí àga yẹn. Owó ọkọ̀ kankan ò sí, ilé wọn nìyí, lìífù Lọ́ńdọ́nù ò sí, expatriation pay ò sí. Wọ́n dínwó! Tó bá jẹ́ pé owó ìjọba ni wọ́n ń ṣọ́, wọn ò bá ti fà wọ́n wọlé láti ẹnu ọ̀nà. Ibi tó ń dùn wọ́n ni pé tí obìnrin yìí bá jókòó síbẹ̀ tí wọ́ọ̀dù ò wó, kí ni wọ́n máa sọ fún staff nurse tó ti ń ṣiṣẹ́ yẹn látọjọ́ tó ti pẹ́? Kí ni wọ́n máa sọ fún ẹni tó bá bi wọ́n pé kí lowó ọkọ̀ ojú omi gbogbo yìí wà fún? Àwíjàre tí wọ́n fi dúró ni pé kò sí ọmọ ilẹ̀ tó kúnjú ìwọ̀n. Ìwé St Thomas' wá dé, àwíjàre ò sí mọ́, ohun tó kù ni "rárá" lásán.

Ohun tó tún wá mú ẹjọ́ yìí burú ni pé ìjọba fúnra ẹ̀ ti sọ tẹ́lẹ̀ pé òun ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1947, Ivor Cummings, òṣìṣẹ́ Colonial Office, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó àwọn ilẹ̀ tí Britain ń ṣàkóso, láti Lọ́ńdọ́nù, dé Èkó, wọ́n ti gba yàrá sílẹ̀ fún un ní Bristol Hotel, nígbà tí wọ́n rí i pé èèyàn dúdú ni, yàrá ò sí mọ́. (Bàbá ẹ̀ dókítà ọmọ Sierra Leone, ìyá ẹ̀ nọ́ọ̀sì òyìnbó, ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ọsibítù ń tẹ̀ lé wa kiri.) Èkó gbaná jẹ. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni Gómìnà Richards fi ìwé ránṣẹ́ sí gbogbo ẹ̀ka ìjọba pé kí wọ́n yé ya èèyàn sọ́tọ̀ torí àwọ̀, ọsibítù òyìnbó wà lára ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn kàn. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1948, Gómìnà Macpherson gbé ìgbìmọ̀ tiẹ̀ dìde lábẹ́ Hugh Foot, Azikiwe wà nínú ẹ̀, ohun tí wọ́n sì fẹnu kò sí ni pé wọn ò gbọdọ̀ gba àjèjì sí ipò ìjọba kankan àfi tí kò bá sí ọmọ Nàìjíríà tó yẹ, tó sì kúnjú ìwọ̀n. Ó yé tọmọdé tàgbà. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ Nàìjíríà tó kúnjú ìwọ̀n dúró níwájú wọn.

Ká ṣe é bó ṣe yẹ, ẹnì kan lè sọ pé ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ Ìbàdàn kì í ṣe ọsibítù ìjọba bíi ti Adéọ̀yọ́. Òótọ́ ni. Òfin tiẹ̀ lọ́tọ̀, 1952 ni wọ́n ṣe é, ó ní bọ́ọ̀dù tiẹ̀. Ilé ńlá tí a mọ̀ sí UCH lónìí ò tíì parí ní 1954, November 1957 ni wọ́n ṣí i, Adéọ̀yọ́ ni wọ́n ń lò kí ó tó parí, ilé ìwé nọ́ọ̀sì ti bẹ̀rẹ̀ ní Eléyelé láti 1952. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àwọn fẹ́ ọsibítù tó máa bá ti Lọ́ńdọ́nù dọ́gba, ìwé nọ́ọ̀sì tó máa ṣeé lò ní Britain, torí náà àwọn ò lè fi ipò ṣe fàájì. Ó dáa, mo gbọ́. Tó bá jẹ́ Lọ́ńdọ́nù ni òṣùwọ̀n yín, ẹni tó ti Lọ́ńdọ́nù bọ̀ lẹ ń lé yìí! St Thomas' kì í ṣe ọsibítù abúlé. Mi ò rí bí wọ́n ṣe lè jáwọ́ nínú ìtakora yẹn, àwọn náà ò rí i, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi rí "rárá" yẹn gbé pẹ́.

Ẹ jẹ́ n sọ díẹ̀ nípa bí Màmá ṣe dé St Thomas' gan-an, torí ó kan ọ̀rọ̀ wa. Èkó ni wọ́n bí wọn sí ní 1915, Scott ni orúkọ bàbá wọn. Láti ọmọdé ni wọ́n ti fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì, bàbá ní kí wọ́n lọ ṣe tíṣà, mo sì lè fojú inú wo ohun tí bàbá yẹn ń rò, kí lọmọ ẹ̀ ń wá lọ síbi tí òyìnbó ò ti ní jẹ́ kó gòkè? Wọ́n kàwé tíṣà ní United Missionary College n'Íbàdàn, wọ́n kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní CMS Girls' School l'Ékòó. 1941 ni wọ́n ṣègbéyàwó, ọkọ wọn ń po oògùn fún ìjọba, ó wá lọ kàwé dókítà ní Lọ́ńdọ́nù, Màmá bá a lọ ní 1946, ìyẹn ọdún méjì kí Windrush, ọkọ̀ ojú omi tó kó àwọn ará Caribbean wá sí Britain, tó dé Tilbury. Ìyàwó ilé, tíṣà tẹ́lẹ̀, ẹni tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, ló lọ jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ ọdún méjìdínlógún nílé ìwé nọ́ọ̀sì. Aláìsàn kan wà tó kọ̀ pé èèyàn dúdú ò gbọdọ̀ tọ́jú òun. Wọ́n fara dà á. NHS bẹ̀rẹ̀ ní July 1948 nígbà tí wọ́n ṣì ń kọ́ṣẹ́, 1950 ni orúkọ wọn wọ ìwé nọ́ọ̀sì Britain. Wọ́n tún wà nínú WASU, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ dá sílẹ̀ ní 1925, ibẹ̀ sì ni àwọn ọmọ wa ti ń jà lórí irú nǹkan báyìí, owó oṣù, ipò, ta ló máa ṣe ìjọba. Ẹ má rò pé obìnrin tí ò mọ nǹkan kan ló dé Ìbàdàn ní 1954.

Àsìkò yẹn kan náà ni Britain ò rí nọ́ọ̀sì. NHS ti tóbi ju ọwọ́ tó ń ṣe é lọ, wọ́n ń lọ kó ọmọbìnrin ní Barbados, ní Jamaica, tó fi máa di 1955 ètò kíkó nọ́ọ̀sì yẹn ti wà ní ilẹ̀ 16 tó wà lábẹ́ Britain. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ? Britain ò ní nọ́ọ̀sì tó tó o, síbẹ̀ ó ń kó sísítà ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, ó ń kó ọmọ ilẹ̀ míì wá wẹ aláìsàn nílé. Èèyàn dúdú lè tọ́jú òyìnbó ní Lambeth ní Lọ́ńdọ́nù, kò lè ṣe ọ̀gá lórí wọ́ọ̀dù Yorùbá n'Íbàdàn. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, mo rẹ́rìn-ín, inú sì bí mi lẹ́yìn ìyẹn.

Bó ṣe parí fún Màmá, ẹ mọ̀ ọ́n. Wọ́n padà gbà wọ́n sí sísítà, wọ́n ń gòkè, òmìnira dé ní 1960, nígbà tó fi máa di 1964 wọ́n di mátrọ́ọ̀nù ọsibítù kan náà tí wọn ò fẹ́ fún wọn ní wọ́ọ̀dù kan ṣoṣo nínú ẹ̀. Ọdún kan péré ni wọ́n lò níbẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ fi gbé wọn lọ Èkó, ọ̀gá àgbà àwọn nọ́ọ̀sì Nàìjíríà, ọmọ ilẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1965, ọwọ́ wọn wà níbẹ̀. 1973, àwọn Red Cross fún wọn ní àmì ẹ̀yẹ Florence Nightingale, wọ́n tún ṣe kọmíṣọ́nà ètò ìlera l'Ékòó. Àwọn nọ́ọ̀sì Britain gan-an fi wọ́n ṣe fẹ́lò ẹgbẹ́ wọn ní 1979.

Mo bọlá fún wọn, àmọ́ ẹjọ́ tí wọ́n jàre, ti irú wọn ni. Ẹni tó bá ní ọkọ tó ń kàwé dókítà, tó rí owó wọ ọkọ̀ ojú omi, tó rí ọdún mélòó kan dúró ní Lọ́ńdọ́nù, ilẹ̀kùn ti ṣí fún un. Staff nurse Adéọ̀yọ́ ńkọ́? Kò lọ Lọ́ńdọ́nù, ìwé tí ìjọba òyìnbó fún un nílé ni ìjọba òyìnbó yẹn kan náà ní kò tó. Kí 1947 tó dé tí wọ́n ṣòfin ìforúkọsílẹ̀ nọ́ọ̀sì, tí Nursing Council fi wà, kò tiẹ̀ sí ìwé kan tó kárí gbogbo Nàìjíríà tí èèyàn lè nà sókè pé nọ́ọ̀sì ni mí. Àwọn agbẹ̀bí ti ní bọ́ọ̀dù tiwọn láti 1930. Ní ìwọ̀ oòrùn níbí, ìjọba Awólọ́wọ̀ tún wá sọ ìtọ́jú àwọn ọmọ tí ò tíì pé ọdún 18 di ọ̀fẹ́, ohun tó dáa ni, gbogbo ìyá gbé ọmọ wọn wá, ìlà gùn dé géètì, ọwọ́ staff nurse yẹn ni gbogbo ẹ̀ ń já sí. Ọmọ Nàìjíríà wá di sísítà, ọmọ Nàìjíríà di mátrọ́ọ̀nù, senior àti junior ò yí padà, GRA wà níbẹ̀, ẹni tó wọ inú ẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì fúnra wọn tún pín, ẹgbẹ́ àwọn tó kàwé tí Màmá Pratt wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ lọ́tọ̀, yúníọ̀nù lọ́tọ̀, 1978 ni wọ́n tó kó wọn pọ̀ sábẹ́ NANNM, ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí Nàìjíríà.

Ohun kan ṣì kù, ó sì kan àwọn tó tọ ipa ẹsẹ̀ Màmá lọ sí Lọ́ńdọ́nù. Òfin 1943 ní Britain ti dá irú nọ́ọ̀sì kejì sílẹ̀, èyí tí a wá mọ̀ sí SEN, ọdún méjì ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, kì í gòkè di sísítà. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin tó ti Áfíríkà àti Caribbean lọ ni wọ́n dọ́gbọ́n tì sí ìdí ẹ̀, wọn ò sọ fún wọn pé ó yàtọ̀ sí SRN, ìwé nọ́ọ̀sì kíkún irú èyí tí Màmá gbà, àwọn míì ò mọ̀ títí wọ́n fi ṣe é tán, wọ́n ṣáà rí ìwé gbà, wọ́n ya fọ́tò pẹ̀lú fìlà, wọ́n fi ránṣẹ́ sílé. Nígbà tí wọ́n wá ń padà bọ̀ lẹ́yìn òmìnira pẹ̀lú báàgì wọn, ìwé yẹn ò sọ wọ́n di nọ́ọ̀sì tó kúnjú ìwọ̀n nílé. Àwọn tó jókòó lórí tábìlì tó kọ̀ wọ́n, ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n báyìí, àwọn kan nínú wọn náà mọ bí "rárá" ṣe rí lára. Ti ọ̀tẹ̀ yìí, ó kéré tán, ìdí tí wọ́n sọ fún wọn wà nínú ìwé tí wọ́n gbé wá, ẹni tó yẹ kí wọ́n bá ṣẹjọ́ ṣì wà ní Lọ́ńdọ́nù.